Nọ́ọ̀sì Tó Kọ̀ Láti Fọwọ́ sí Ìwé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Lydia Olúṣọlá Dúrótoyè (1933–1995)

Ìlú Erijiyan ni wọ́n ti bí Olóògbé Lydia Olúṣọlá Dúrótoyè, tí gbogbo Aràmọkọ mọ̀ sí Ìyá Nọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1933. Pa Samuel Fáṣùbáà, àgbẹ̀ kòkó àti àgbà ìjọ Áńgílíkà, ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Dọ́káàsì, wá láti ìdílé àwọn alágbẹ̀dẹ ní Odò-Ọwá. Ọmọ mẹ́fà ni Ọlọ́run fún wọn. Ibà mú méjì lọ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Lydia, tó jẹ́ ìkẹta, ló ń bá ìyá rẹ̀ fi aṣọ tútù nu ara àbúrò rẹ̀ kan lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ náà ni òun ti pinnu pé ọwọ́ òun kò ní ṣófo níwájú aláìsàn mọ́.

Ní ọdún 1940, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wọn, ó sì parí ní 1948. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di olùkọ́, nítorí olùkọ́ ni ìlú ń bọ̀wọ̀ fún nígbà náà. Lydia ní rárá. Ọdún méjì gbáko ni bàbá àti ọmọ fi fa ọ̀rọ̀ náà, kí Pa Fáṣùbáà tó sìn ín fúnra rẹ̀ dé ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 1951. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí lé e ní 1956.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1957, ó ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ Dúrótoyè, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ bíbí Aràmọkọ. Ìṣó tó gún Bàbá wa lẹ́sẹ̀ ló gbé e dé ibi tí Lydia ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kàn bá òun fi aṣọ dì í. Lydia dá a padà sórí ìjókòó bí ọmọdé, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá tún padà wá, láìní egbò kankan. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún jíǹkí wọn.

Láti 1958 títí di 1976, ilé ìgboògùn ìjọba ní Ìjerò ló ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ìlera akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan nítòsí Ìjerò. Àwọn kan bá a yọ̀ pé iṣẹ́ ìsinmi ló kàn án. Kò pẹ́ tí ojú fi là.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Níkẹ́, ọmọ ọdún méjìlá, wá bá a. Ó ní, "Mà, orí ń fọ́ mi, mo fẹ́ lọ sí ulé." Màmá wa fún un lóògùn, ó sì fẹnu ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Bóyá olùkọ́ náà kò gbọ́ ni o, bóyá kò kà á sí ni, Níkẹ́ kò lọ. Ọmọ náà tún tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní oko ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sá fún. Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ ti le gan-an kí ẹnikẹ́ni tó gbé e, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tó fi kú. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọmọ náà máa bọ̀ nílé, Màmá kò ní ìwé kankan láti fi hàn wọ́n. "Mo sọ ọ́," ló ń wí ṣáá. "Mo sọ ọ́." Láti ìgbà náà ló ti ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, tó ń kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá wí àti ohun tí òun bá ṣe sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Ọdún 1981 ni wọ́n gbé e wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíráámà Òkè-Ìmọ̀lẹ̀, Aràmọkọ. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí. Bàbá kan ibùsùn sí i, ó sì gbẹ́ igi mẹ́rin tí wọ́n ta aṣọ ìkélé mọ́, kí ọmọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo ojú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1985, ọ̀gá àgbà tuntun kan dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun náà ti lọ sí ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà láàárín wa lónìí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìgbà àwọn ológun ni, ìgbà tí gbogbo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ sọ pé kò lè kó ọmọ níjàánu. Ó gbé òfin kan kalẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọmọbìnrin yóò tò sí gbọ̀ngàn, nọ́ọ̀sì yóò tẹ ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú àwọn olùkọ́, ẹni tó bá lóyún yóò sì kó ìwé rẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa yẹ̀ wọ́n wò ní yàrá òun. Ó kọ̀. Ní sáà náà, Màmá ṣe é. Ó tẹ ikùn àwọn ọmọ ní gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn olùkọ́ kan sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó kábàámọ̀ jù láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì kìlọ̀ fún wa kó tó kú pé tí a bá kọ ìtàn òun, a kò gbọ́dọ̀ fò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, tí sáà kẹta bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá àgbà kí agogo tó lù.

"Ọ̀gá, mi ò ní tẹ ikùn ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn lónìí."

"Mísíìsì Dúrótoyè, òfin ni."

"Mo mọ̀, sà. Mi ò ní ṣe é."

Ọ̀gá àgbà ní, "Ó dáa. Kì í kúkú ṣe ọwọ́ nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú náà tó."

Bí wọ́n ṣe fi ojú yan Kùdírátù Àkàndé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó wà ní kíláàsì kẹta, ó ń múra ìdánwò àṣejáde ìpele kékeré. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì Àkàndé, jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, ọmọ Ẹdẹ, tó ti tẹ̀dó sí Aràmọkọ kí wọ́n tó bí Kùdírátù. Ikùn ọmọ náà ti yọ síwájú lábẹ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò rí i.

Màmá mú un wọ yàrá, ó fa aṣọ ìkélé. Kùdírátù fi Kùránì búra pé òun kò mọ ọkùnrin. Màmá kò fi ti ìbúra ṣe. Ó ti gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn búra. Ó tẹ ikùn náà, ó rí i pé ó le, pé ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó fi fèrè onígi tí àwọn agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú tẹ́tí sí i níbi márùn-ún. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà sọ pé òun rí nǹkan oṣù òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé inú sì ń dun òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà Kérésìmesì. Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó mọ̀ pé etí lè tan ènìyàn, ó sì mọ̀ pé ọmọ tí ẹ̀rù bá bà lè purọ́ ọjọ́.

Ọ̀gá àgbà ti ń dúró dè é. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ọmọ yẹn nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti tẹ ìwé kan, ó kù kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ náà lóyún.

Màmá ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ kí dókítà rí i ní Adó."

"Gbogbo ayé ló rí i. Kí ni dókítà tún fẹ́ rí?"

"Èmi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí, sà."

"Ẹ gbé ìwé yín wá nígbà náà, kí àwọn olùkọ́ ka ohun tó sọ fún yín."

"Ìwé àwọn ọmọ ni, Ọ̀gá. Kì í ṣe ti yàrá olùkọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, wọ́n fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, pé kí ó fèsì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí a kò fi ní dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó délé, ó sọ fún Bàbá. Ìgbà náà ló tó sọ ìtàn Níkẹ́ fún un, lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti ààbọ̀. Bàbá béèrè pé, "Tó bá wá jẹ́ oyún ńkọ́?" Màmá ní, "Tó bá jẹ́ oyún, iṣẹ́ mi ti lọ, wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì ń ṣàìsàn." Bàbá kàn ní kó jẹun.

Ní Ọjọ́rú, lórí ìlà àdúrà òwúrọ̀, ọ̀gá àgbà pe Kùdírátù jáde láìsí ìbuwọ́lùwé nọ́ọ̀sì, ó sì lé e lójú ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì dé pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

"Aṣẹ́wó! Ta ló ni í?" ló ń bi ọmọ rẹ̀. "Dárúkọ rẹ̀! Ta ló ni í?"

Màmá sáré bọ́ sáàárín wọn. Pàṣán àkọ́kọ́ bà á ní apá. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí tó fi kú. Kí Jẹ̀lílì tó gbé ọwọ́ ìkejì sókè, Kùdírátù ké igbe kan, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ń díbọ́n. Màmá kúnlẹ̀ tì í. Ara ọmọ náà ti tutù, òógùn bò ó, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Bí ọwọ́ Màmá ṣe kàn án, ó mọ̀ pé ohun kan nínú rẹ̀ ti lọ́.

"Bàbá Kùdírátù, níbo ni mọ́tò yín wà?"

"Ó wà ní ìta, iṣu ló wà nínú rẹ̀."

"Ẹ dà á nù."

Ọ̀gá àgbà sọ láti orí pèpéle pé ẹni tó bá jáde ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láìgba àyè kò gbọ́dọ̀ padà wọlé. Màmá gbọ́. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó sì tẹ̀lé wọn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi kọjá Ìgèdè. Màmá gbé orí Kùdírátù lé itan, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù: ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ọgọ́fà ó lé mẹ́jọ. Kí wọ́n tó dé Ìyìn, wọ́n bá igi ńlá kan tó wó dábùú ọ̀nà. Jẹ̀lílì bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo sínú oko, àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin sì jáde wá pẹ̀lú àáké àti àdá. Bí wọ́n ti ń gé e, Jẹ̀lílì wá sí ẹnu fèrèsé mọ́tò, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ má tàn mí. Ṣé oyún ni?"

Ìbá rọrùn fún Màmá láti sọ pé rárá. Ó ní, "Mi ò mọ̀ dájú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí igi yẹn ò bá kúrò, ọmọ yín á kú síbí."

Jẹ̀lílì padà, ó gba àáké lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù, ó sì ń gé igi náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Nígbà tí mọ́tò tún gbéra, Kùdírátù kò dáhùn mọ́ tí wọ́n bá pè é.

Ní ilé ìwòsàn Adó, dókítà ka ojú ewé Kùdírátù nínú ìwé Màmá ní ìdúró, kò tilẹ̀ jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó jáde. Kì í ṣe oyún. Kókó kan tó kún fún omi, tó tóbi tó orí ọmọ tuntun, ló so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ rẹ̀. Ó ti yí po, ó sì ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì pé, ọmọ náà yóò yè, yóò sì bímọ lọ́jọ́ iwájú. Ó ní wákàtí kan sí i, ọmọ náà ì bá ti kú.

Jẹ̀lílì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ǹjẹ́ ó gbọ́ ohun tí mo pè é lánàá àti láàárọ̀ yìí?"

"Ó gbọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ ìtùnú bò ó mọ́lẹ̀. Ó jókòó tì í lórí símẹ́ńtì ni.

Síbẹ̀, wọ́n dá Màmá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé ó jáde láìgbàṣẹ. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlànà ìlera akẹ́kọ̀ọ́. Pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yẹ ara ọmọ wò ní gbangba mọ́. Pé kí olùkọ́ má na ọmọ tó bá ní ara òun kò yá, títí nọ́ọ̀sì yóò fi rí i. Pé tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ọmọ lọ sílé, kí ó kọ ọ́ síwèé, kí òbí sì gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Pé ohun tí ọmọ bá sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ibẹ̀ ni kó parí sí, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wá láti Àkúrẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà pè é, wọ́n tún béèrè ìwé ńlá náà. Ó kọ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bó ti kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló ṣí, èyí tí Kùdírátù fúnra rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ní kí ó ṣí. Lẹ́yìn náà ló gbé ìlànà rẹ̀ síwájú wọn.

Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéga rẹ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ó pe Kùdírátù padà sórí ìlà, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àṣìṣe. Ó sì buwọ́ lu ìlànà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Màmá ní ìyẹn tó òun. Kùdírátù ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Kí ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wàhálà parí. Ní 1987, ọmọbìnrin mìíràn lóyún ní tòótọ́, Màmá sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀. Kò tú u síta. Ó bá ọmọ náà lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì jà kí wọ́n gbà á padà lẹ́yìn tó bímọ. Àwọn kan nínú ìjọ ní ó ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní ipò olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọdún méjì ló fi jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pa ìsìn jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ní 1989, àwọn ìyá fúnra wọn ló wá bẹ̀ ẹ́ kó padà síwájú.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1992. Láti ìgbà náà, ó ń lọ káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Erio, ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bí a ti ń tẹ́tí sí ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún yìí, ó wà ní Erio níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó dúró láti àárọ̀ títí ìlà fi tán. Nígbà tó délé, ó ní ó rẹ òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọlù ú ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ó fi ọkọ rẹ̀, Pa Adébáyọ̀ Dúrótoyè, sáyé lọ. Àti àwọn ọmọ: Ọlájídé, Olúbùnmi, Ayọ̀bọ́lá, Títílayọ̀ àti Samuel. Àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Àwọn àbúrò méjì. Àti Ìyáàfin Kùdírátù Àkàndé, agbẹ̀bí ní Ẹdẹ, tó dé láti ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn, tó sì ní kí a kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn ọmọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìlà ti tán. Kò sí ọmọ kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ tó ń dúró dè yín. Ẹ jókòó, ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ yín. Kí ilẹ̀ Aràmọkọ rọ̀ yín lọ́rùn, kí Ẹlẹ́dàá tó rán yín wá gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ sùn re o.